Ìròyìn Ikú Mátírọ́ọ̀nù Yẹ̀kínì

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Waliyat Yẹ̀kínì wà nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ kíláàsì kejì bóyá wọ́n gbálẹ̀ dénú, nígbà tí Bàbá Muhyideen tó ń ṣọ́ géètì dé, tó dúró sí kọ́rídọ̀. Kò wọlé, nítorí ọkùnrin kì í wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin. Ó ní àwọn obìnrin mẹ́ta kan wà níta, wọ́n wọ aṣọ dúdú, wọ́n ní àwọn wá kí ilé-ìwé kú ọ̀fọ̀.

Waliyat na ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọ̀fọ̀ ta ni?"

Bàbá Muhyideen wo ilẹ̀ kó tó dáhùn. "Wọ́n ní tiyín ni, mà."

Waliyat kọ́kọ́ rò pé baba náà ń ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò tíì gbọ́ ẹ̀fẹ̀ kan rí lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì wọn náà gbọ́.

Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí Waliyat ti ń ṣe mátírọ́ọ̀nù ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin yìí, tó wà láàárín ọ̀nà márosẹ̀ àti ọ̀sà, lẹ́yìn ìlú Àgbádárìgì. Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ti ní ilé tiwọn, kò sì bí obìnrin kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, á ní ọmọbìnrin òun ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, òun kàn ń dá wọn padà fún ìyá wọn lọ́dọọdún ni. Ó le. Bí àwọn ọmọ bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á gbé e mì. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá kọlu ọmọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń sá lọ.

Ó tẹ̀lé Bàbá Muhyideen lọ sí géètì pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kọ́kọ́ rí i, ó sì sá sẹ́yìn mọ́tò wọn. Èkejì di ọwọ́ mọ́ ẹnu. Ẹ̀kẹta, tó gbé ìwé ìbánikẹ́dùn ńlá kan mọ́yà, kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, nínú iyanrìn, pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá lára.

Waliyat dá a mọ̀. Látífàt ni. Ó ti jẹ́ ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rí, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ báyìí.

Ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, Ìyáàfin Táíwò, ni wọ́n ti tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ìyáàfin Yẹ̀kínì kan ló kú lóòótọ́, olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, ní Ìjànikìn, lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti sin ín. Ẹnì kan fi sórí Wáàsáàpù ẹgbẹ́ pé Ìyáàfin Yẹ̀kínì ti dágbére fáyé. Látífàt, tó jẹ́ pé Yẹ̀kínì kan ṣoṣo ló mọ̀, wá fọ́tò Mátírọ́ọ̀nù jáde, ó yí i sí dúdú òun funfun, ó gbé e síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, igba ènìyàn ti ń sunkún.

Ìyáàfin Táíwò bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi pe Mátírọ́ọ̀nù kí wọ́n tó tan irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kálẹ̀.

"Ta ló máa ń pe fóònù òkú, mà?" ni Látífàt wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú wọn. Waliyat náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí wọ́n gbé fóònù náà wá, kí òun ka ohun tí wọ́n sọ nípa òun. Àǹfààní tí ẹni tó kú kì í ní ni. Ó gbé dígí sójú, ó ń kà á sókè.

Ọ̀kan kọ ọ́ pé Mátírọ́ọ̀nù ló pọn òun sẹ́yìn dé etí títì lọ́jọ́ tí ikọ́ fée fẹ́ẹ̀ pa òun, nígbà tí kò sí mọ́tò. Òmíràn ní Mátírọ́ọ̀nù ló kọ́ òun bí a ṣe ń lo páàdì, nítorí òun kò ní ìyá. Òmíràn ní títí dòní, òun kò lè jẹun lórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ ló ń ka ọ̀kan, tó ń rántí, tó ń nu ojú. Ó wá kan èyí tó gùn díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bó ṣe ń ka àwọn yòókù.

"Sẹ̀nami Hunsu nìyí, ẹgbẹ́ ọdún 2004 tí kò parí. Ẹ má bínú sí mi. Mátírọ́ọ̀nù ló so páálí mọ́ mi lọ́rùn pé olè ni mí, tí mo fi yí pápá ká lójú gbogbo ilé-ìwé, nítorí aago ọwọ́ tí n kò fọwọ́ kàn rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. N kò padà wá mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbàdúrà pé kí ojú tì í bó ṣe tì mí. Ní báyìí tó ti kú, mo dárí jì í. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Kò sí ẹni tó fèsì sí i. Ẹni tó kọ tẹ̀lé e kàn ń yin Mátírọ́ọ̀nù lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni wí.

Waliyat gbé fóònù sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù ni pé kò rántí. Ó ti so páálí mọ́ ọmọ bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́rùn ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe bá àwọn tó ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe é, kó tó fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tó sọ pé kó fi í sílẹ̀. Ó ń wá ojú ọmọ náà nínú ọpọlọ, kò rí i. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ padà wá. Ọmọ Ègùn kékeré kan láti abúlé apẹja ni, tí Yorùbá rẹ̀ kò já gaara. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi í bóyá òun ló mú aago. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ náà fi Ègùn dá a lóhùn, kíákíá, pẹ̀lú omi lójú. Òun kò gbọ́ Ègùn. Ó kà á sí àfojúdi.

"Aago ta ni?" Ó bi wọ́n bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀.

Ìgbà náà ló rí i pé Látífàt ti tẹrí ba, ó ń ya etí ìwé ìbánikẹ́dùn náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

"Tèmi ni, mà," ni Látífàt wí. "Kò sọnù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀sà la yọ́ lọ wẹ̀, ó bọ́ sómi lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ló rà á bọ̀ láti Mẹ́kà. Ẹ̀rù bà mí, mo ní wọ́n jí i. N kò mọ̀ pé ẹ máa mú ẹnì kan."

"Nígbà tí a mú un ńkọ́?"

Látífàt fi ìwé náà bo ojú.

Ìyáàfin Táíwò dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà bani nínú jẹ́, àmọ́ ó ti lé ní ogún ọdún, ó sì yẹ kí wọ́n ro orúkọ ilé-ìwé. Ó ní kí Látífàt bá ẹni náà sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, kó tán síbẹ̀. Waliyat gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì dìde. Ó sọ fún Látífàt pé kó pe Sẹ̀nami, kó béèrè ibi tó wà.

Abúlé wọn náà ló wà, lódìkejì ọ̀sà, ó ń se òróró àgbọn tó ń gbé wá sí ọjà Agbalata. Látífàt kàn sọ fún un pé àwọn ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá kí i, kò dárúkọ Mátírọ́ọ̀nù. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, òun àti Waliyat.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti bá a, níbi tí ìkòkò ńlá kan ti ń hó lórí iná èèpo àgbọn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wé gèlè pẹlẹbẹ. Ó gbójú sókè láti kí àlejò, ó sì rí òkú tó ń bọ̀. Kò pariwo. Ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan igi àgbọn, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́, òróró ń kán sí i lẹ́sẹ̀, kò sì mọ̀.

"Sẹ̀nami, èmi ni," ni Waliyat wí. "N kò kú. Àṣìṣe ni wọ́n ṣe."

Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. Obìnrin tó lé ní ọgọ́ta ọdún kúnlẹ̀ lórí èèpo àgbọn fún ẹni tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Sẹ̀nami sáré wá, ó fà á lápá, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, kó má fa èpè wá fún òun. Waliyat kọ̀, kò dìde. Ìgbà náà ni Látífàt sọ ọ̀rọ̀ aago, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Sẹ̀nami kọ́kọ́ lọ fa iná abẹ́ ìkòkò sẹ́yìn kí òróró rẹ̀ má jóná. Nígbà tó padà, Yorùbá tó sọ já gaara ju ti àwọn méjèèjì lọ.

"Ẹni tó kú ni mo dárí jì," ló wí. "Ẹ̀yin ò kú."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó ṣàlàyé fún wọn pé apẹja ni bàbá òun, òun sì ni ọmọ àkọ́kọ́ tó ti inú ìdílé wọn wọ ilé-ìwé ńlá. Àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n jọ wà nílé-ìwé gbé ìròyìn olè náà délé kí òun tó dé. Bàbá kò na òun. Ó kàn rán òun lọ sọ́dọ̀ àǹtí kan ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn bọ́dà, láti kọ́ òwò, kò sì pe orúkọ òun níwájú àlejò mọ́.

"Kì í ṣe ilé-ìwé ló dùn mí jù," ni Sẹ̀nami wí. "Bàbá mi kú láì gbà mí gbọ́."

Waliyat ti ní ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ pòórá. Ó wá béèrè ohun tí Sẹ̀nami fẹ́ kí òun ṣe.

Sẹ̀nami ní orí pápá tí wọ́n ti pe òun ní olè ni kí wọ́n ti gbé orúkọ náà kúrò. Ó ní ìyá òun ṣì wà láyé, òun á mú un wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, gbogbo ilé-ìwé tò sórí pápá. Ìyáàfin Táíwò kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Waliyat ti sọ fún un pé bí kò bá gbà á láyè nílé-ìwé, òun á sọ ọ́ lórí Wáàsáàpù níbi tí igba ènìyàn á ti kà á. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn ka ìròyìn ọ̀sẹ̀ tán: eré bọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, ọjọ́ ìdánwò. Ọmọ tó ń kà á, Ìfẹ́, wá ní Mátírọ́ọ̀nù fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó lórí àga níwájú, Sẹ̀nami dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá náà kò gbọ́ èdè mìíràn ju Ègùn lọ, nítorí náà Ìfẹ́, tó jẹ́ ọmọ Ègùn, dúró láti máa túmọ̀.

Waliyat dárúkọ Sẹ̀nami, ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní òun pè é ní olè lórí pápá yìí, kì í sì í ṣe olè. Ó ní ọmọ náà sọ òtítọ́ fún òun lẹ́ẹ̀mẹta ní èdè ìyá rẹ̀, òun kò sì wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Látífàt náà bọ́ síwájú, ó sọ tirẹ̀. Ẹgbẹ̀ta ọmọbìnrin dúró síbẹ̀. Wọn kò rí i rí kí Mátírọ́ọ̀nù jẹ̀bi.

Ìyá arúgbó náà sọ nǹkan kan ní ohùn jẹ́jẹ́. Ìfẹ́ yíjú sí Waliyat.

"Wọ́n ní kí ẹ tún un sọ. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan yẹn, àwọn ló gbọ́ ọ. Kí ẹ tún un sọ fún bàbá Sẹ̀nami."

Waliyat tún un sọ.

Nígbà tó sìn wọ́n dé èbúté, ó béèrè lọ́wọ́ Sẹ̀nami bóyá òun lè wá kí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Sẹ̀nami ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ rí i pé ìyá jókòó dáadáa kó tó wẹ̀yìn.

"Mo máa rò ó, mà," ló wí.

Ọkọ̀ ṣí. Ìyá arúgbó náà gbé ọwọ́ sókè kí Waliyat. Sẹ̀nami kò gbé tirẹ̀, àmọ́ kò kọ ẹ̀yìn sí etíkun. Ó ń wo obìnrin náà lórí èbúté títí wọ́n fi jìnnà.