Àtàǹpàkò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oòrùn

Èmi tí mo ń fi fọ́tò yíyà jẹun ní Ṣàngó-Ọ̀tà, mi ò ní fọ́tò ìgbà àgbà bàbá mi kankan. Ẹ̀bi mi ni.

Wẹ́dà ni bàbá mi. Ìkìrun ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́ irin níbí, irin náà ló sì tẹ àtàǹpàkò wọn wọ́. Lọ́jọ́ tí òṣùpá máa bo oòrùn, rédíò ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ojú lásán wò ó. Bàbá mi yọ gíláàsì dúdú inú ìbòjú tí wọ́n fi ń jó irin, wọ́n ní àwọn á bá mi dì í mọ́ ojú kámẹ́rà. Fíìmù la ṣì ń lò nígbà náà. Tèmi ti fẹ́ tán, ó ku ẹyọ mẹ́fà.

Bí òṣùpá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oòrùn létí, wọ́n lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì padà wá bá mi nínú jalábíà funfun.

"Kọ́kọ́ ya èmi ná. Mo ti múra."

"Bàbá, fíìmù ò pọ̀, ti oòrùn ni. Ẹ̀yin ò ní í sá lọ. Bó bá dọ̀la, a ó yà yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di gíláàsì mú.

Ojú ọjọ́ ṣú bí ìrọ̀lẹ́. Adìẹ ń wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iwájú wa jáde sí géètì, wọ́n ń pariwo. Rédíò ní ó bò pátápátá níbòmíràn. Ní Ọ̀tà tiwa, ó ku bíńtín bí èékánná. Mo ń yà á ṣáá títí fíìmù fi tán.

Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, àtàǹpàkò bàbá mi ti wọ inú èyí tó dáa jù. Inú bí mi.

"Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́!"

"Má bínú. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n."

Mi ò béèrè ohun tó ń mú un gbọ̀n.

Mo ń sún yíyà wọn síwájú, kò sì pé oṣù kan tí wọ́n fi ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. A ò tíì gbé wọn dé ọsibítù tí wọ́n fi kú, a sì sin wọ́n kílẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìyá mi ní kí n wá fọ́tò wọn tí àwọn máa gbé kọ́ sí pálọ̀. Mo tú gbogbo àpótí. Èyí tí mo rí, ọ̀dọ́ ni wọ́n nínú ẹ̀.

"Èyí kọ́," ìyá mi ní. "Mi ò tíì mọ̀ wọ́n nígbà yẹn."

Ojú tì mí. Mo mú èyí tó bàjẹ́ yẹn jáde. Àtàǹpàkò náà ò hàn kedere, ṣùgbọ́n ó hàn pé ó wọ́. Ìyá mi wò ó títí.

"Ọwọ́ wọn nìyí."

Ó wà lára ògiri títí dòní. Bí àlejò bá béèrè irú fọ́tò tó jẹ́, ìyá mi á ní, "Ọkọ mi ni."