Àmù Màmá àti Odò Aláwọ̀ Tíì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọwọ́ mi ni omi mímu ilé wa wà. Àbúrò mi ló ń gbálẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ń fọ abọ́, èmi ni mo ni àmù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Màmá ni gbogbo wa ń pè é.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ ó rántí òṣùká tó máa ń tú lágbedeméjì ọ̀nà, àti omi tútù tó máa ń gba ẹ̀yìn ọrùn ṣàn wọ inú aṣọ. A máa ń fi ṣeré: ẹni tí omi rẹ̀ bá dànù jù ló máa padà lọ pọn òmíràn. Màmá ní tirẹ̀ kì í fi omi ṣeré. A kì í pọn omi tó dúró sójú kan, èyí tó ń ṣàn ni. A kì í sì í pọn ọ́n nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ó máa ń wí pé, "Kí o tó bu omi mu, lọ wo ẹni tó wà lókè rẹ."

Bí omi bá délé, a ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ nítorí sòbìyà. A ó fi álọ́ọ̀mù sí i, a ó fi í sílẹ̀ kí ìdọ̀tí rẹ̀ rọlẹ̀, a ó rọra da ojú rẹ̀ sínú ìkòkò, a ó sè é títí yóò fi hó dáadáa, kó tó wọ inú àmù. Omi àmù yẹn ní ọ̀sán, tí a fi rẹ gààrì Ìjẹ̀bú kíkan, tí a wá da ẹ̀pà lé e lórí! Mi ò tíì rí ohun tó dùn tó o láti ìgbà náà.

Sísè rẹ̀ nìkan ni mo kórìíra. Èéfín igi tútù á máa ta mí lójú, àwọn ẹgbẹ́ mi á sì máa ta òkòtó níta, èmi á máa gbọ́ ariwo wọn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bàbá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Àǹtí Sàláwà, àbúrò ìyá mi, wá sùn sílé wa. Alhaji ni wọ́n ń pè é. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Àǹtí Sàláwà fọ yàrá, ó fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, díẹ̀ ló kù kó fọ ewúrẹ́. Èmi wo omi tí mo ti fi álọ́ọ̀mù sí. Ó mọ́ gaara. Mo rí ìsàlẹ̀ garawa, mo tún rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Mo ní, kí ni mo tún fẹ́ sè níbẹ̀? Mo dà á sínú àmù, mo sá lọ sídìí òkòtó.

Alhaji mu igbá méjì, ó sì yin omi wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn àgbà jókòó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "Bísímílááhì" ni, ló bá dìde, ó kọrí sí ṣáláńgá. Ó padà dé, ó tún ní "Bísímílááhì", ó tún dìde. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin kò tilẹ̀ jókòó kó tó yí padà. Àǹtí Sàláwà wà ní yàrá, ó ń sunkún pé wọ́n á ní a fi nǹkan sí oúnjẹ fún bàbá àwọn.

Màmá kò pariwo. Ó pè mí sí ìdí àmù.

"Ṣé o sè é?"

"Ó mọ́, Màmá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó mọ́. Mo ní, ṣé o sè é?"

Kò nà mí. Ó gbé garawa omi ẹlẹ́rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí n kúnlẹ̀ tì í, kí n máa wò ó títí yóò fi rọlẹ̀ tán, kí n sè é, kí n fúnra mi gbé e lọ fún Alhaji, kí n sì sọ ohun tí mo ṣe. Ẹgba ìbá sàn fún mi. Ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá ni mo ti bá a. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó gba omi náà, ó ní, "Ọmọ yìí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé ká." Ibẹ̀ náà ló ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Mi ò sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Àmínátù, ọmọ mi, kó àwa obìnrin méje láti mọ́ṣáláṣí wa ní Woolwich, nílùú òyìnbó tí mo ń gbé báyìí, lọ sun àgọ́ ní Dartmoor. Ilẹ̀ gbalasa lórí òkè ni ibẹ̀: kò sí ilé, kò sí igi, àfi koríko, òkúta àti ẹrẹ̀ dúdú. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn tí yóò ṣáájú àwọn àgbà, ó sì mọ̀ pé bí ó bá bàjẹ́, kò sí màmá kankan tí yóò tún tẹ̀ lé òun jáde mọ́. Ó bẹ̀ mí kí a tó kúrò nílé pé, "Mummy, please, má dá sí i." Mo gbà. Ẹnu mi kò pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ní ètò. Oníkálukú gbé omi lítà méjì, òun sì ra fíltà kékeré kan ní Powis Street tí yóò máa sẹ́ omi odò fún wa. Ohun tí kò sí nínú ètò rẹ̀ ni búùtà Àǹtí Mútíátù. Àǹtí Mútíátù, tó ń tọ́jú arúgbó ní Thamesmead Moorings, gbé búùtà rọ́bà rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí Àlàásárì tó, ó da omi mímu sínú rẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó gbé búùtà fún ẹni tó kàn. Kí a tó kírun tán, ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ti fọ omi mímu wa tán. Èmi náà fọ tèmi. Odò sì ń ṣàn nísàlẹ̀ wa lọ́hùn-ún.

"Àǹtí! Omi mímu wa nìyẹn!" ni Àmínátù ké nígbà tó padà láti ibi tó ti ń pàgọ́.

"Ṣé o fẹ́ kí n fi ìdọ̀tí kí Ọlọ́run ni?"

Àmínátù gbé fíltà, ó bu omi nínú kòtò tó súnmọ́ àgọ́ wa. Omi náà pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Àǹtí Mútíátù ní, "Ta ló ti po tíì dè wá?" Àmínátù fún fíltà náà títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ẹrẹ̀ ti dí i, kò kán tó mọ́. Oòrùn ń mú, ìrìn wákàtí mẹ́ta sì ni ibi tí a gbé mọ́tò sí. Ọmọ náà kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo mọ ẹ̀yìn yẹn. Ẹni tí kò fẹ́ kí a rí omijé òun ló ń kọ ọ́ síni.

Mo súnmọ́ ọn, mo rọra ní, "Omi tó dúró lo bù. Jẹ́ ká lọ wo ẹni tó wà lókè wa."

Àwa mẹ́ta gba etí odò lọ sókè. A kò tíì rìn jìnnà tí a fi rí i: òkú àgùntàn kan, tó fi ìwo sínú omi.

"Subuhánálááhì!" ni Àǹtí Mútíátù wí. "Àgbò tó sá fún Iléyá! Ó rò pé òun ti bọ́!"

Àmínátù bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú koríko. A kọjá òkú àgbò náà dáadáa, títí a fi dé ibi tí omi kékeré mìíràn ti ń ṣàn jáde láàárín òkúta. Mo ká ìborùn òwú mi sí mẹ́rin, a fi sẹ́ omi náà sínú ìkòkò. Mo kúnlẹ̀ tì í, ibi tí mo ti ń wò ó tó ń rọlẹ̀ ni mo ti sọ ti Alhaji fún wọn. Lẹ́yìn náà ni a gbé e ka sítóòfù. Nígbà tó hó, mo ka ọgọ́fà kí n tó pa iná.

"Mummy, ó ṣì pọ́n."

"Ilẹ̀ dúdú yìí ló pa á láró. Ohun tí o kò rí nínú omi ni kí o máa bẹ̀rù."

Àmínátù ló gbé e lọ bá àwọn yòókù, òun ló bù ú fún wọn. Èmi jókòó sẹ́yìn. A fi rẹ gààrì. Gààrì náà pọ́n bí ẹni ta epo sí i, a sì jẹ ẹ́ tán. Kò sí ẹni tó sáré lọ sẹ́yìn òkúta ju bó ti yẹ lọ.

Ní òwúrọ̀, Àǹtí Mútíátù ti odò dé, ó na ìgò sókè. "Ẹ wá wo omi! Ó mọ́ bíi díńgí!" Ó ti gbé e dé ẹnu.

Ohùn Àmínátù ti inú àgọ́ jáde. "Mi ò bi yín bóyá ó mọ́, Àǹtí. Mo ní, ṣé ẹ sè é?"

Àǹtí Mútíátù gbé ìgò náà sílẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Nígbà tiwa, kí ènìyàn tó mu ife omi kan, yóò rìn, yóò rù, yóò sẹ́, yóò sè. Lónìí, ẹ̀rọ ni a ń yí. Àwọn ọmọ wa kò mọ òṣùká, a kò sì lè lọ wo ẹni tó wà lókè wa mọ́. A kàn gbà pé àwọn kan ti bá wa wò ó. Mo mọ̀ pé omi ẹ̀rọ Thamesmead, níbi tí à ń gbé, dára. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni mo ń sè é ní kẹ́tùlù, tí mò ń dà á sínú jọ́ọ̀gì kó tutù. Tẹ́lẹ̀, Àmínátù máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, òun gan-an ló ń tan kẹ́tùlù. Kò tíì lọ́kọ, ènìyàn kì í sì í mọ ọjọ́ tí bàbá ọkọ yóò yà wá mu omi.