Ìbò Kan fún Ọkùnrin Oníkẹ̀kẹ́

Òórùn kòkó tí wọ́n bò mọ́ abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní abà wa lẹ́yìn Ìdó-Ilé. Ó dùn, ó kan díẹ̀, ó sì máa ń bá kùrukùru òwúrọ̀ wọlé bá wa lórí ẹní. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà nígbà náà, ìdìbò ààrẹ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àáró kàn wá, àwọn aládùúgbò yí òkìtì kòkó wa ká. Àwọn ọkùnrin ń fi kùmọ̀ fọ́ ọ, àwọn obìnrin ń yọ hóró rẹ̀, àwa ọmọdé ń lá omi funfun ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá mi ti sọ pé ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ lòun máa dìbò fún.

Orí rédíò la ti gbọ́ nípa rẹ̀. Kò ní mọ́tò, kẹ̀kẹ́ ló fi ń polongo káàkiri. Ó ní bí òun bá di ààrẹ, ọsibítù tí mẹ̀kúnnù ń lọ lòun àtàwọn ọmọ òun yóò máa lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú Ìyá mi lọ́kàn. Àbúrò mi kú mọ́ ọn lẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń wá oògùn tí kò sí.

Bàbá Adé, olórí àáró, kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyá Dúpẹ́, ààrẹ oníkẹ̀kẹ́? Ọ̀nà Òkè-Ìmẹ̀sí nìkan á mú un sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀," ni Ìyá mi wí. "Á rí bí ọ̀nà wa ṣe rí."

Bàbá mi, tó máa ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bá a jiyàn títí oòrùn fi ga. Ó ní ẹni tí kò lè wọlé, kí la fẹ́ fi ìbò ṣòfò lé e lórí sí? Ìyá mi ní ẹni tó kàn ló mọ̀.

Bàbá Adé wá dẹ́kun ẹ̀rín. "Ẹgbẹ́ kan ni gbogbo ùlú ń ṣe. Ẹni tí kò bá bá ùlú rìn, kó lọ dá uṣẹ́ rẹ̀ ṣe." Ẹni tí wọ́n bá yọ nínú àáró, orí igi ni kòkó rẹ̀ máa jẹrà sí, orí kòkó náà sì ni oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ wa dúró lé.

Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n ka ìbò lójú gbogbo wa ní pápá ilé-ìwé. Ẹyọ kan ni ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ ní. Gbogbo ojú yí sí Ìyá mi, ẹ̀rù sì bà mí gan-an.

Nígbà tí a délé, ó jókòó sẹ́bàá ààrò, ó bú sẹ́kún. "Bàbá Dúpẹ́, èmi kọ́ o. Mo débẹ̀, mo rántí kòkó, ọwọ́ mi sì lọ síbi tí gbogbo ayé ń tẹ̀."

Bàbá mi jókòó tì í. "Èmi ni mo dìbò fún un," ó ní. "Mo rò pé o ti tẹ̀ ẹ́ ni. N kò fẹ́ kó jẹ́ ùwọ nìkan."

Ó jáde lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Adé fúnra rẹ̀. Wọ́n yọ wá nínú àáró lóòótọ́ lọ́dún yẹn. Àwa nìkan la fọ́ kòkó wa díẹ̀díẹ̀, púpọ̀ sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí àlá ni àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn rí sí mi báyìí: oòrùn ń yọ́ gba àárín ewé wọlé, Bàbá ń fọ́, Ìyá ń yọ, wọ́n sì tún ń jiyàn lórí ọkùnrin náà, tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá mi ṣì ní kò lè wọlé láéláé.

Mo ti dàgbà ju Ìyá mi ìgbà yẹn lọ. Lójú ọmọdé mi, ńṣe làwọn méjèèjì kàn pàdánù. Èmi àti ọkọ mi kì í jiyàn ní tiwa, ẹni kan náà la máa ń dìbò fún. Síbẹ̀, bí mo bá tẹ̀ka tán, mo máa ń bi ara mi bóyá mo lè torí ọkọ mi tẹ̀ka fún ẹni tí n kò gbà gbọ́, kí ó má baà dá nìkan wà.