Bàbá Ràfíù ló tàn mí dé abà

Ẹ bá mi gbọ́ o, Bàbá Ràfíù ti rí mi mú lónìí!

Ikọ́ ife ni Bàbá ń gba oògùn rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nílé ìwòsàn Tẹ̀dé, níbi tí a ò ti ní láti rán ẹnikẹ́ni lọ gbà á ní Ìbàdàn mọ́. Ọjọ́ oògùn pé lánàá, Bàbá ò yọjú. Gbogbo ìlú ló sì mọ èmi nọ́ọ̀sì yìí: ẹni bá sá fún oògùn, màá wá a kàn, màá sì pariwo.

Ni mo bá gun máṣíìnì gba ọ̀nà Òfìkí lọ sábà wọn. Ariwo ni mo fi bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ fẹ́ kú ni? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Oògùn mi ò tíì tán, mo lo tàárọ̀ yìí. Àwọn tó ń wúkọ́ lábà yìí ni ò gbà láti wá ṣàyẹ̀wò lọ́dọ̀ rẹ. Mo mọ̀ pé tí n ò bá wá, wàá wá bá mi jà. Àwọn gan-an ni kó o bá jà!"

Ẹ wo àgbẹ̀ mẹ́rin lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ń wolẹ̀! Mo pariwo mọ́ wọn dáadáa, mo sì yọ agolo àyẹ̀wò jáde nínú báàgì mi. Ẹni tó kọ́kọ́ gba agolo láti tutọ́ àyẹ̀wò sí ni ẹni tí Bàbá ló ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ò gbọdọ̀ bá àwọn fi igbá kan mu omi mọ́.

Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó!

Àmọ́ ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi: láti òní lọ, báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó sá fún oògùn yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń ránṣẹ́ pè mí?