Ẹ̀yìn Mi Ni Kíláàsì Rẹ̀

Ìró ni mo máa ń kọ́kọ́ fi yí èmi àti ọmọ mi ká, n ó ki etí ìró náà bọ abẹ́ abíyá, kí n tó wá fi ọ̀já gba ìdí ọmọ náà mọ́ra. Kò gbọdọ̀ le jù, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀. Bí mo bá so ó tán, mi ò ní sọ nǹkan kan. N ó dúró títí èémí rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀ lọ́rùn mi. Ìgbà yẹn ni ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ mi obìnrin nígbà náà. Bí mo bá pọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ a rọ̀ dirodiro dé orúnkún mi.

Ilé-ìwé aládàáni kan nítòsí Ìgándò ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ariwo ni kò lè gbà. Bí àwọn ọmọ yòókù bá ti gbóhùn sókè pe ABD, yóò di etí, yóò wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Tíṣà rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó pè mí, ó ní kí n máa mú un lọ sílé ná títí yóò fi dàgbà díẹ̀ sí i, àwọn á ránṣẹ́ sí wa. Wọn ò ránṣẹ́. Ilé-ìwé girama ni ìwé tèmi parí sí, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo di tíṣà.

Mi ò jókòó ronú kan ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ ọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ní ilé kejì lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í forí lu ògiri, mo sì sáré pọ̀n ọ́n lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí ariwo náà ò ti pọ̀. Aṣọ wa wà lórí okùn, mo bá ń ká a, mo ń ka pẹ́ẹ̀gì sínú ike: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo dé orí ẹ̀fà, pẹ́ẹ̀gì kan já bọ́, mo rọra bẹ̀rẹ̀ láti mú un.

"Èje," ó ní.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló fi lé ẹ̀yìn mi. Egungun mi gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́ ọ. Kò ka nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni rí.

Láti ìgbà náà, mo gé páálí, mo kọ lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ kéékèèké sí i ní gàdàgbà-gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. N ó pọ̀n ọ́n, n ó kọjú sí ògiri, yóò máa yọjú léjìká mi. Bí mo bá fọwọ́ kan lẹ́tà, yóò fi ìka kọ ọ́ sí mi lọ́rùn, yóò wá pè é. Báyìí ló ṣe mọ ilé, báyìí ló ṣe mọ ẹja, ọwọ́, òjò. Ṣùgbọ́n ògiri ni èmi ń wò. Gbogbo ìgbà tí nǹkan yé ọmọ mi, ẹ̀yìn mi ló ti ṣẹlẹ̀, mi ò sì rí ojú rẹ̀ rí lásìkò náà. Bí mo bá yí orí padà, yóò dákẹ́.

Àwọn obìnrin inú ọgbà wa máa ń jáde láàárọ̀, òmíràn sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkọ̀tún, òmíràn sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n á ti géètì, ilé á dá. Ṣágámù ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀. Ohùn ara mi ni mò ń gbọ́ títí ọ̀sán fi ń pọ́n. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kanlẹ̀kùn, nítorí bí ọmọ náà ṣe máa ń ta gìrì. Síbẹ̀, mo máa ń tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ẹnìkan á kàn án.

Ìyá àgbà kan tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, tó máa ń lọ ránṣọ ní Ìkọ̀tún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bá wa lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ kan. Wọ́n wo ẹsẹ̀ ọmọ náà tó rọ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé o ò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi máa lọ ilé ọkọ ni? Ọmọ tá a gbé pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn o."

Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu mà, bó bá dọjọ́ ìyàwó, èmi náà ni n ó pọ̀n ọ́n débẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wọlé. Èmi dúró síbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n tún jáde wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ sí i.

Ìbàdí mi ló kọ́kọ́ ní ó tó. Mi ò lè nàró mọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Nọ́ọ̀sì tó tẹ ẹ̀yìn mi wò ní ọsibítù bi mí kí ni mò ń gbé. Mo ní ọmọ ni. Ó ní ọmọ oṣù mélòó. Nígbà tí mo sọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí mo bá tún pọ̀n ọ́n, ó lè débi tí èmi gan-an ò ní lè rìn mọ́.

Ìrora kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Gbogbo ohun tó mọ̀, ẹ̀yìn mi ló ti mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ṣé kò ní fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀?

Ó sì jọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo gbé àga méjì kojú síra, ó wọ abẹ́ tábìlì. Mo fi ọ̀já so ìrọ̀rí mọ́ ọn láyà, ó tú u. Mo mú páálí bá a lábẹ́ tábìlì, ó di ojú. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò pe lẹ́tà kankan. Nígbà tí ọkọ mi wálé, ó jókòó, ó ń wò wá. Kò bínú. Ó ní òun gbọ́ nípa ibì kan lọ́nà Abẹ́òkúta tí wọ́n ti ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n á máa gbé.

"Jẹ́ ká mú un lọ," ó ní. "Ìwọ náà, wo ara rẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi di ìgbà tó bá tún padà wálé. Ó gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn tó lọ, mo jókòó sórí àpótí, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò pè é wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà, ó ti sú mi. Mo tẹ̀ síwájú nítorí ìrora, mo kẹ̀yìn sí tábìlì. Mo gbọ́ tó rá jáde. Lẹ́yìn náà ni mo mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lára, níbi tó máa ń wà gan-an, lábẹ́ ọrùn, lápá òsì. Kò dì mọ́ mi, kò fẹ́ kí n pọ̀n òun. Ó kàn dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé ohùn mi ló ń retí. Kì í ṣe ọ̀já ló ń wá láti ọjọ́ yìí, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gba inú egungun mi bọ́ sí i létí ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀wà tí mò ń jù sínú abọ́. Mo dákẹ́ lórí ẹ̀fà.

"Èje," ó ní.

Ẹ̀wà ọwọ́ mi dà nù. Mi ò yíjú padà.

Nígbà tí ọkọ mi tún dé, mo gbé àpótí síwájú ògiri, mo jókòó, ọmọ wa dúró sẹ́yìn mi, ó fẹ̀rẹ̀kẹ́ tì mí. Mo ní kí bàbá rẹ̀ fara ti ògiri, kó má sọ nǹkan kan. Mo ń fọwọ́ kan páálí, ó ń kà á: ọwọ́, ẹja, òjò. Ọkọ mi ń wo òkè èjìká mi, ojú rẹ̀ ń yí padà. Kò tún dárúkọ ọ̀nà Abẹ́òkúta.

Nígbà tó ń jẹun, mo bi í léèrè.

"Báwo lojú ẹ̀ ṣe rí?"

"Ojú ta ni?"

"Tiẹ̀ ni. Nígbà tó pe òjò."

Ó gbọ́wọ́ kúrò nínú abọ́. Ó ní ó kọ́kọ́ dijú, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Lẹ́yìn náà, ó lajú, ó wòkè, àfi bí ẹni pé òjò náà ń kán sí i lójú. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò yọ ìkankan sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó padà sí Ṣágámù. Àwọn obìnrin jáde, wọ́n ti géètì. Mo gbé àpótí mi, mo kọjú sí ògiri, mo ń retí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.