Àgbọ̀n Fátókun Ṣáájú Ìbúra

Àwọn kan ní Erijiyan ṣì ń sọ pé Ògún ló fọ́ Fátókun ní àgbọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eegun àgbọ̀n náà ti ń jẹrà láti ọdún pípẹ́ kí Fátókun tó fi ẹnu kan irin.

Àgbẹ̀ kòkó ni Fátókun. Nígbà tí eyín rẹ̀ ń mì, tí erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, áṣáà ni ó ń kì sí i. Kò dùn ún mọ́, ó sì rò pé ó ti sàn. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí Àkúrẹ́, olú-ìlú wa nígbà náà.

Dókítà eyín gbé fọ́tò eegun rẹ̀ sójú fèrèsé. "Bàbá, ẹ wo ibi tó dúdú yìí. Eegun ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àìsàn erìgì ti jẹ ẹ́. Kò ní í hù padà, ṣùgbọ́n tí a bá yọ eyín mẹ́ta, tí a sì fọ abẹ́ erìgì, èyí tó kù lè dúró. Ẹ má gé ohun líle jẹ o. Àgbọ̀n yín lè kán."

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Fátókun wí.

Òun àti Awóṣùsì ń jà nítorí ààlà oko, àwọn àgbà sì ti ní kí Fátókun wá búra ní ọjọ́ karùn-ún sí ìgbà náà. Ní agbo ilé wọn, ẹni tó ń búra gbọ́dọ̀ gé àdá Ògún jẹ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ ná," Bọ́sẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Kí wọ́n lè ní mo yọ eyín kí n má bàa gé irin?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó rọra fi ètè kan àdá.

"Ṣé ò ń fẹnu ko ìyàwó lẹ́nu ni?" Awóṣùsì pariwo. "Gé e jẹ!"

Ẹ̀rín sọ. Fátókun gé e. A gbọ́ ìró kan, bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Àgbọ̀n rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí irin.

Bọ́sẹ̀ fi fọ́tò náà han àwọn àgbà, pẹ̀lú ọjọ́ tí dókítà kọ sí i lára.

"Òjìji lásán lèyí," ni olórí wọn wí. "A ó dúró fún oṣù mẹ́ta. Bí Fátókun bá ṣì wà láàyè, òun ló ni ilẹ̀; bí ó bá kú, Awóṣùsì ló ni ín."

Ní Àkúrẹ́, wọ́n fi wáyà di eyín rẹ̀ tòkè-tìsàlẹ̀ pọ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé eegun tó tínrín báyìí kì í tètè so pọ̀. Ó padà wálé, ó ń mu ògì olómi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà dé.

Láràárọ̀ ni Awóṣùsì ń wá sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ó sùn?"

"Ó sùn dáadáa, Bàbá," ni Bọ́sẹ̀ ń sọ.

Irọ́ ni. Ibà kò jẹ́ kí ó sùn.