Ìyá Ló Máa Ń Síwájú

Tí mo bá rí ẹni tó ń so okùn bàtà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ni mo máa ń rántí. Ẹsẹ̀ ni àwọn àti Ìyá, ìyàwó wọn, fi máa ń rìn láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu, wọ́n á sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí. Ìyá ló máa ń síwájú. Bàbá ní, "Ẹni tó tètè máa ń rẹ̀ ni kó síwájú, kí èkejì má baà fi í sílẹ̀ lọ́nà."

Lẹ́yìn tí Ìyá kú, àràárọ̀ ni Bàbá ń so bàtà, wọ́n á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan mo bọ́ síwájú wọn. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká rìn dé ìlú Adjarra nítòsí yìí."

A ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi ní, "O yára jù."

Mo rọra ń rìn.

"O yára jù."

Mo dúró pátápátá.

Wọ́n bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń dúró de Ìyá, wọ́n ní, "O ṣì yára jù."